Kí Ni Búrẹ́dì Jẹ Kó Tó Dọ́wọ́ Wa?

Ẹni tó bá ti dúró níwájú ilé búrẹ́dì rí ní ìdájí yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé-iṣẹ́: “Jẹnẹrétọ̀ yìí ń jẹ epo jù!” Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ẹnu wo ni jẹnẹrétọ̀ fi ń jẹun. Ọkọ̀ ń jẹ epo, fíríìjì ń jẹ iná, ilé kíkọ́ ń jẹ owó. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yìí, “jẹ”, ti ń bá wa ṣe iṣẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé látọjọ́ pípẹ́. Ó dunni pé bí àwọn ògbufọ̀ bá dé ìdí ìwé tó sọ nípa ọrọ̀ ajé àti àyíká, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé.

Ẹ wo ìmọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní life cycle assessment. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ̀lé ohun èlò kan láti ibi tí wọ́n ti wa èròjà rẹ̀ nínú ilẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n dà á nù, kí a lè mọ gbogbo ohun tó jẹ àti gbogbo ẹ̀gbin tó tú síta lọ́nà. Bí a bá tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò di “àyẹ̀wò àyíká ìgbésí ayé”. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kì í ṣe Yorùbá. Àyíká ni ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká; bí “ìbàjẹ́ àyíká” bá tún wà nínú gbólóhùn kan náà, òǹkàwé kò ní mọ àyíká tí à ń wí. Ìyípo ni ohun tó ń yí po.

Ìgbésí ayé ló tún burú jù. Ìwà àti ìṣe ọmọ ènìyàn là ń pè bẹ́ẹ̀. A kì í sọ pé bàtà ń gbé ìgbésí ayé rere. Aṣọ ń gbó. Iṣu ń rà, ọbẹ̀ ń kan, irin ń dógùn-ún. Lóòótọ́, bátìrì ń kú, iná náà ń kú, ṣùgbọ́n a ò lè torí àwọn wọ̀nyí sọ pé gbogbo ohun èlò ń lọ sí ibojì, bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń sọ ọ́. Níbi tiwa, ohun tó bá gbó, ààtàn ni à ń gbé e lọ. “Ìtọpinpin ohun èlò láti orísun dé ààtàn”: ojú ìwé yìí dúró lórí èyí. Ẹni tó tọpinpin ọ̀ràn kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀lé e wọ yàrá.

Ṣùgbọ́n ìtọpinpin ní ìṣòro tirẹ̀. Búrẹ́dì jẹ ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun jẹ àlìkámà, àlìkámà jẹ ajílẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ìyẹ̀fun jẹ epo, ó sì jẹ táyà. Táyà jẹ rọ́bà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà jẹ iná. Ibo ni atọpinpin yóò ti dúró? Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni, àwọn ẹ̀gbin tó wà níwájú ibẹ̀ yóò sì bọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ẹni tó la ọ̀nà àbáyọ kò ronú nípa ẹ̀gbin nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wassily Leontief, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, gbé àtẹ kan jáde lọ́dún 1936 tó fi hàn bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ṣe ń tà fún ẹ̀ka yòókù, tó sì ń rà lọ́wọ́ wọn. Ìwé rẹ̀ tẹ̀lé e lọ́dún 1941. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1973.

Kí la ó máa pe àtẹ náà ní Yorùbá? Ẹni tó bá sáré yóò sọ pé “àtẹ àkówọlé àti àkójáde”. Àṣìṣe ńlá ni. Bí a bá gbọ́ pé ìjọba fòfin de àkówọlé ìrẹsì, gbogbo wa mọ̀ pé ìrẹsì tó ń bọ̀ láti òkè òkun ni wọ́n ń wí. “Owó tó wọlé” náà kò ní ṣe é, nítorí owó tí ọlọ́jà pa nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí Leontief ń kà ni ohun tí ọlọ́jà rà kó tó lè tà. Ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ ti ní orúkọ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa: èròjà ni. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun, epo àti iná jẹ́ èròjà búrẹ́dì, kí búrẹ́dì jẹ́ àmújáde, kí ìwé tó kó rírà àti títà gbogbo ẹ̀ka sójú kan sì máa jẹ́ “àtẹ káràkátà”. Àtẹ náà ni ìyá alátẹ ń to ọjà lé, òun náà ni ìwé tí a fi ìlà pín. Ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ yìí mu lọ́nà méjèèjì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ká ní, fún àpẹẹrẹ lásán, pé kí ẹ̀ka kan tó lè mú ọjà náírà kan jáde, ó gbọ́dọ̀ ra èròjà 30 kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka mìíràn. Búrẹ́dì 100 náírà yóò jẹ èròjà 30 náírà. Àwọn tó ta èròjà yẹn ti ra ti 9 náírà. Àwọn tó tà fún wọn ti ra ti 2 náírà àti 70 kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kéré sí i lọ láìlópin. Síbẹ̀, bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ 100 àkọ́kọ́, kò ní pé 143 náírà. Ìṣirò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kó gbogbo ìpele yẹn. Àwọn àgbà ti ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àtẹ yìí sọ iye tó fi jù ú lọ fún wa.

Lọ́dún 1970, Leontief fúnra rẹ̀ kọ̀wé láti fi hàn pé a lè fi ẹ̀gbin kún àtẹ náà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh, lára wọn Lester Lave àti Chris Hendrickson, sọ ọ́ di irinṣẹ́. Wọ́n mú àtẹ ìjọba Amẹ́ríkà, èyí tó pín ọrọ̀ ajé ọdún 1992 sí ẹ̀ka 485, wọ́n so ó mọ́ àkọsílẹ̀ epo tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń jó àti oró tí òfin ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa jẹ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí ẹnikẹ́ni tẹ iye owó ọjà kan, kí ó rí ẹ̀gbin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “oró” náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí a bá pe kábọ̀ọ̀nù-dáyọ́sáìdì ní “afẹ́fẹ́ olóró”, a ṣi ọ̀rọ̀ lò: òun ni gbogbo wa ń mí síta, òun ni ewé igi fi ń ṣe oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná ni. Ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀sùn tí a fi kàn án. Ohun tó tọ́ kí a pè ní olóró ni òjé. Lọ́dún 1995, Lave, Hendrickson àti Francis McMichael kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé bí ọkọ̀ oníná bá ń lo bátìrì òjé, òjé tí yóò tú síta níbi tí wọ́n ti ń wà á nínú ilẹ̀, tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, tí wọ́n sì ti ń tún un yọ́, kò kéré rárá. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá wọn jiyàn lórí iye tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti dìde: ọkọ̀ tí kò rú èéfín lójú títì lè ti rú u síbòmíràn. Àwọn tó sì ń kọ “léèdì” nínú Yorùbá kò ní àwíjàre kankan. Òjé ló ń jẹ́. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́.

Àtẹ káràkátà ní àléébù. Owó ló ń kà, kì í ka ọ̀pá aṣọ. Bí aṣọ òkè tí wọ́n fi ọwọ́ hun àti aṣọ tí ẹ̀rọ hun bá wà lábẹ́ ẹ̀ka kan náà, aṣọ òkè tó wọ́n ni àtẹ yóò kà sí eléèérí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló hun ún. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀: wọ́n á lọ wọn ohun tó ṣe kókó nínú ilé-iṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n á sì lo àtẹ fún ìyókù.

Orúkọ wo ni kí ọ̀nà yìí máa jẹ́? “Àmúlùmálà” kò dára, nítorí èébú ló ti dà. Òun là ń pe Yorùbá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bàjẹ́. “Àdàlù” dà bíi pé ó ní àbùkù lójú ẹni tí wọ́n ti ta epo tí wọ́n dà lù fún rí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìkòkò ẹ̀wà àti àgbàdo tí à ń pè ní àdàlù. Inú omi kan náà ni wọ́n ti jinná, iyọ̀ kan náà ló wà lára wọn, síbẹ̀ ẹni tó bá fi ṣíbí bu ú yóò rí èyí tó jẹ́ ẹ̀wà àti èyí tó jẹ́ àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí òǹkàwé lè mọ iye tí wọ́n wọ̀n nínú ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí iye tó ti inú àtẹ wá. Ìtọpinpin àdàlù ni ojú ìwé yìí yóò máa pè é.