Gọ́tà Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Rélùwéè ò tíì dé nígbà tí àwọn àgbà pa òwe yìí, ṣùgbọ́n lásìkò àyípadà ojú ọjọ́ tí a wà yìí, kò sẹ́ni tó kàn tó àwọn tó ń tọ́jú ojú irin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, òjò rọ̀ ní Carmont, ní Scotland. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó máa ń rọ̀ jálẹ̀ oṣù náà. Gọ́tà kan wà lórí òkè ibẹ̀: páìpù ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ bò. Àwọn tó ṣe é ò ṣe é bí wọ́n ṣe yàwòrán rẹ̀, apá òkè rẹ̀ ò sì sí lára ohun tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Àgbàrá gbá òkúta náà dà sójú irin. Ọkọ̀ dé pẹ̀lú eré tó lé ní 110 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì yẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta kú: awakọ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ àti èrò kan. Irin ò ṣẹ́. Gọ́tà ni.

Ibi tí a ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni. Ojú irin wa tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, 157 kìlómítà, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ìbàdàn tó ń lọ yìí náà ni àgbàrá ti gbé afárá lọ lóṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ẹ wo òkúta tí síípà, ìyẹn ìdábùú tí irin dúró lé, jókòó lé: àlàfo àárín wọn lomi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá ni síípà á máa lọ sókè sódò, tí ẹrẹ̀ á máa ta jáde, títí irin á fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ooru náà ń bọ̀, irin sì máa ń gùn nínú ooru. Nígbà tí ó mú dé 40.3°C nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Keje ọdún 2022, ńṣe ni wọ́n dín eré ọkọ̀ kù. Ṣùgbọ́n omi ló ń bà mí lẹ́rù jù níhìn-ín.

Olójú jínjìn, òkèèrè ló ti ń mẹ́kún sun. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ni kí wọ́n ti kó gọ́tà, kí wọ́n sì fẹ ihò omi abẹ́ ojú irin. Àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀rá àti ìdọ̀tí síbẹ̀ mọ́. Bí òjò bá le, tí awakọ̀ ń rọra lọ, ẹ má ṣe bú u. Kí àwọn tó ń yẹ ojú irin wò má sì dúró de ọ̀gbẹlẹ̀. Inú òjò gan-an ni kí wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn ín, kí wọ́n lè rí ibi tí omi ń gbà.