ÌDIN ÒNÍ, EṢINṢIN Ọ̀SẸ̀ TÓ Ń BỌ̀
Ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọlọ́jà lórí bí a ṣe lè dín eṣinṣin kù ní ọjà àti ṣọ́ọ̀bù wa

 

Ohun tí a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba owó, ọwọ́ òsì la fi ń ju abẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́ja ń lé e, ẹlẹ́ran ń lé e, alákàrà ń lé e, oníṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ń lé e. Síbẹ̀ bó bá fò kúrò níbí, ọ̀hún ló máa bà sí. Eṣinṣin ni.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé àlejò ni, pé ibì kan ló ti ń fò wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin tó wà lórí igbá wa lónìí, inú ọjà wa níbí la ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lé e lórí ẹran, tí kò dé ibi tí wọ́n ti ń bí i, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi. Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyẹn.

KÍ NI EṢINṢIN Ń GBÀ LỌ́WỌ́ WA?

Àkọ́kọ́, ó ń gba oníbàárà wa. Oníbàárà kì í sọ fún wa pé eṣinṣin ló lé òun. Á kàn wo igbá, á ní "mò ń bọ̀, Màmá," ó di gbéré. Ẹ ò ní rí i mọ́.

Èkejì, ó ń gba ìlera. Eṣinṣin kò ní eyín, kò lè gé nǹkan jẹ. Bó bá bà lé ẹran tàbí àkàrà, á kọ́kọ́ pọ itọ́ àti díẹ̀ nínú ohun tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ sí i lórí kó lè rọ̀, á wá fà á mu. Níbo ló ti jẹun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọmọdé tí ẹnì kan fi nylon wé jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti irun ara rẹ̀ ló sì fi ń ru ìdọ̀tí náà wá. Ọ̀nà yìí ló fi ń gbé ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti táífọ́ọ̀dù kiri. Àrùn onígbáméjì tí à ń pè ní kọ́lẹ́rà, omi tí kò mọ́ ló sábà máa ń gbé e, ṣùgbọ́n eṣinṣin náà lè gbé e láti orí ìgbẹ́ dé orí oúnjẹ. Kò sì jìnnà sí wa: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ nínú Èkó yìí, ó sì pa èèyàn.

Ẹ wo ìlú Gáńbíà, nítòsí wa níbí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ mú abúlé mélòó kan, àwọn tó mọṣẹ́ sì fín oògùn eṣinṣin níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999, ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé ti dín kù ní ìdá 22 nínú 100 nígbà òjò, àti ìdá 26 nínú 100 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àrùn ojú trachoma, tó lè fọ́ ojú èèyàn, dín kù ní ìdá 75 nínú 100. Wọn kò gbẹ́ kànga tuntun, wọn kò kọ́ ọsibítù. Eṣinṣin nìkan ni wọ́n dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ́ ọmọ sùn sábẹ́ tábìlì ọjà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

ÌṢIRÒ ỌJỌ́ MÉJE

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò báyìí bí ẹni ń ka owó èsúsú. Gbogbo wa la mọ ìmọ́tótó Ọjọ́bọ̀, tí a máa ń gbálẹ̀ ká tó ṣí ọjà. Ká sọ pé a gbá a tán, mọ́tò kó ilẹ̀ lọ, ọjà mọ́ tónítóní.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà, ẹnì kan da ìfun ẹja sínú agbọ̀n. Eṣinṣin kan bà lé e, ó yé ẹyin. Ẹyin rẹ̀ funfun, ó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì lè tó 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó kú, ẹyọ eṣinṣin kan lè yé tó 500.

Ọjọ́ Ẹtì: ẹyin ti pa, ó ti di ìdin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Ajé: ìdin ń jẹ, ó ń tóbi. Ohun tó fẹ́ kò ju ooru àti ìdọ̀tí tútù lọ. A sì ní méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́rú: ìdin yó. Ibi gbígbẹ ló wá ń wá báyìí. Á wọ́ jáde kúrò nínú agbọ̀n, á rá wọ inú yanrìn, abẹ́ pákó, abẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni yóò ti kó sínú èèpo pupa rẹ́súrẹ́sú bí hóró ìrẹsì Ọ̀fadà. Kò ní jẹ, kò ní rìn.

Ọjọ́bọ̀ kejì: mọ́tò dé, ó kó agbọ̀n lọ. Ó kó ilé lọ, àmọ́ onílé ti jáde!

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn èyí, eṣinṣin á fò jáde láti inú ilẹ̀. Kò ní pẹ́ ọjọ́ púpọ̀ tí àwọn abo inú wọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ìmọ́tótó Ọjọ́bọ̀ dára, ẹ má jẹ́ ká fi í sílẹ̀, àmọ́ òun nìkan kò tó. Bí a bá ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àyè ọjọ́ méje là ń fún ìdin, ohun tó sì nílò kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdọ̀tí tútù kò bá sùn mọ́jú lọ́jà, tàbí tó pẹ́ tán kó kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìdin inú rẹ̀ á bá a lọ kó tó gbó.

Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà WAI ti 1984 àti 1985, tí sójà ń fi pàṣán dúró ti wa kí á lè gbálẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2016, ìjọba Èkó fagi lé dídá ọkọ̀ dúró nítorí ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù. Ìjọba lè pàṣẹ, ìjọba lè fagi lé e. Ìdin kò mọ àṣẹ, ọjọ́ ló mọ̀.

NÍBO NI WỌ́N TI Ń BÍ I?

Ẹ má jẹ́ ká máa nàka sí òdo ẹran Oko-Ọba lójoojúmọ́. Lóòótọ́, eṣinṣin lè fò jìnnà, ṣùgbọ́n bó bá ti rí oúnjẹ àti ibi tí yóò yé sí nítòsí, kì í da ara rẹ̀ láàmú. Ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí ná:

– abẹ́ tábìlì ẹlẹ́ja, níbi tí omi ẹja ti ń kán sí yanrìn;
– igi tí ẹlẹ́ran fi ń gé ẹran, nínú ojú tó ti sán;
– ìyẹ́ àti ìfun adìẹ, àti abẹ́ àgò adìẹ;
– ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata tó ti rà;
– gọ́tà tí omi kò ti ṣàn mọ́;
– ẹ̀yìn ṣáláńgá, àti ibi tí àwọn ọmọdé ń ṣe gáá sí.

OÒGÙN ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká wa lára jù. Àwọn kan nínú wa máa ń wọ́n ọ̀tápíàpíà tàbí Sniper sí tábìlì, tí wọ́n á wá kó ọjà lé e. Àwọn mìíràn ń fi í sí ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Májèlé ni.

Oògùn tó wà nínú Sniper, dichlorvos ni orúkọ rẹ̀. Oògùn oko ni, iṣan ara ló sì ń bá jà, ti kòkòrò àti ti èèyàn. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, nítorí wọ́n rí dichlorvos nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa Sniper ìgò kékeré 100 mílílítà ní ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá fi í sí oúnjẹ, oníbàárà rẹ̀ ló fẹ́ pa, òun náà sì ń fa èéfín rẹ̀ símú látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Eṣinṣin máa ń mọ́ oògùn lára. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbogbo ayé rò pé DDT ti parí ọ̀rọ̀ eṣinṣin. Láàárín 1946 sí 1947, eṣinṣin Sweden àti ti Italy ti ń jẹ DDT bí ẹni jẹ iyọ̀, wọn kò kú mọ́. Oògùn tí a ń fín sókè kì í sì í dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà nínú èèpo nísàlẹ̀ ilẹ̀. Èyí tó ń fò la ń pa, tí ẹgbẹ̀rún ń bọ̀ lẹ́yìn.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ wo àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ tó wà ní Ìkẹjà àti Ọ̀gbà. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í ti orí oògùn bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, á wá dí ọ̀nà tí eṣinṣin lè gbà wọlé. Ìgbẹ̀yìn ló tó kan pípa. Bí a ó ṣe ṣe tiwa náà nìyí:

1. Kí oníkálukú ní ike tó ní ìdérí. Ìdọ̀tí tútù, bí ìfun, ìpẹ́, ìyẹ́ àti èso rírà, nylon ni ká dì í sí pinpin kó tó wọ inú ike. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ká gbé e lọ síbi tí mọ́tò PSP ti ń kó o. Ká má ṣe dà á sí gọ́tà.

2. Kí ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́ran fi ọṣẹ àti omi fọ tábìlì àti igi ìgẹran lálaalẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Kí wọ́n gbé ike sábẹ́ tábìlì kí omi ẹja má kán sílẹ̀.

3. Ní Ọjọ́bọ̀, ká ká tábìlì kúrò nílẹ̀. Ká gbá abẹ́ rẹ̀, ká wa yanrìn tútù ibẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni èèpo pupa yẹn ń sá pamọ́ sí.

4. Ká bo oúnjẹ. Alákàrà àti oníbúrẹ́dì, ẹ lo àpótí onígíláàsì. Oní-irú àti oníwàrà, ẹ fi ìdérí tàbí nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹlẹ́ran tó bá níná, fáànù tó ń fẹ́ dáadáa lórí tábìlì wúlò ju abẹ̀bẹ̀ lọ, nítorí eṣinṣin kì í lè bà níbi tí atẹ́gùn bá ti le.

5. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn tàbí ilé ẹja tútù, kó fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kó sì fi rọ́bà gbọọrọ tó ń já lulẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ike ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá ra iná aláwọ̀ búlúù tó ń pa eṣinṣin, kó má gbé e kọ́ sókè oúnjẹ, nítorí òkú wọn á máa já sínú rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kó kojú síta, kó má baà máa pe ti ìta wọlé.

6. A lè ṣe pàkúté. Ẹ gé orí ìgò ike omi, ẹ dojú rẹ̀ kọ inú ìgò. Ẹ fi orí ẹja rírà àti omi ọṣẹ díẹ̀ sísàlẹ̀. Eṣinṣin á wọlé, kò ní mọ̀nà jáde. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdọ̀tí, kó jìnnà sí oúnjẹ, kí ẹ sì máa dà á nù lójoojúmọ́.

Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Bí ẹlẹ́ja bá fọ tábìlì rẹ̀, tí alátà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì rírà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, òfo ni. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa yẹ abẹ́ tábìlì wò lọ́jọ́ Ajé, kí ìdin tó gbó. Owó PSP wa náà, ká máa san án lásìkò, kí àwọn aṣáájú wa lè lẹ́nu láti sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó, ẹ̀ẹ̀mejì ni a fẹ́. Ó sàn kí á bá ara wa wí ju kí wolé-wolé wá ti ọjà mọ́ wa lójú.

Ẹ JẸ́ KÁ BI ARA WA

– Ọjọ́ mélòó ni ìdọ̀tí ìdí igbá mi ń lò kó tó kúrò?
– Ìgbà wo ni mo ti ká tábìlì mi kẹ́yìn?
– Ta ni alámùúlégbè mi tó yẹ kí n fi ohùn tútù bá sọ̀rọ̀?

Kí ẹni tó mọ̀wé ka èyí sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Eṣinṣin ò mọkú, jíjẹ ni tirẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tó lè ṣe, ẹ jẹ́ ká jí sí i. Ajé á wọ igbá o.