Àpótí Ìmọ̀: Haastrup, orúkọ àjèjì lórí ìtẹ́ Ọwá

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka orúkọ àwọn Ọwá Obòkun, ọba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, yóò bá Haastrup níbẹ̀. Ilẹ̀ Denmark ni orúkọ yìí ti ṣẹ̀. Abúlé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù Fyn. “Trup” ìparí rẹ̀ jẹ́ abà tàbí ìletò; òun kan náà ni “thorpe” inú Scunthorpe, ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Frederick Kumokun Haastrup, ọmọ ọba tí wọ́n tà lẹ́rú tó sì gba òmìnira, ló gbé orúkọ Haastrup wá sílé. Oníṣòwò pàtàkì ni l'Ékòó kó tó jọba ní 1896, tó di Ajimoko Kìíní. Adédèjì wà lára orúkọ rẹ̀, àmọ́ Haastrup ni ìran rẹ̀ ń jẹ́ títí dòní: Ajimoko Kejì jọba ní 1942, wọ́n sì yan Ẹ̀kẹta ní òpin 2024.