Kọ́bílà Inú Agbada Irin

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi èso píìṣì ṣe oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní kọ́bílà. Báwo ni a ó ṣe ṣe é?

A ó yọ́ bọ́tà nínú agbada irin. A ó po ìyẹ̀fun ife kan, ṣúgà ife kan, mílíìkì ife kan, pẹ̀lú páúdà díẹ̀ tí í mú kéèkì wú. A ó dà á sórí bọ́tà, a ó to èso lé e. A kì í rò ó pọ̀ o! A ó gbé e sínú ààrò búrẹ́dì títí yóò fi wú, tí yóò sì pọ́n.

Ẹ ṣọ́ra! Irin kì í tètè tutù. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi dì í mú. Aṣọ tútù a máa jẹ́ kí iná jó ni.

Bí a bá fọ agbada tán, a ó yá a níná kí ó gbẹ, a ó fi òróró pa á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dípẹtà. Èyí tí a bá tọ́jú dáadáa, ọmọ lè jogún rẹ̀.