Ìmọ́lẹ̀ tí Kì í Pa Ilà Rẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá arúgbó kan wà ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ nínú pálọ̀ lálẹ́. Onífọ́tò dé, ó fi fúláàṣì sórí kámẹ́rà, ó yà á, wàì! Nígbà tí fọ́tò jáde, ojú ìyá ń dán bí abọ́ tánganran, àbàjà rẹ̀ ti pòórá, òjìji dúdú sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ní, "Ta wá nìyí?" Bẹ́ẹ̀ fọ́tò yìí ni àwọn ọmọ-ọmọ yóò fi máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ iwájú.

Kí ló pa ilà rẹ́? Ilà jẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lára awọ. Òjìji inú kòtò náà ni ojú wa ń rí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú gan-an wá, kò sí òjìji mọ́. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ilà a yọ. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ ní kí ẹnì kan pajú dé, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti iwájú, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́, lókè díẹ̀. Ẹ ó rí i.

Nítorí náà, ẹ yọ fúláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà. Ẹrù ọwọ́ kan ló tó: fúláàṣì kékeré oníbátìrì, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ó gbé e kọ́, agboòrùn funfun, àti wáyà tàbí rédíò kékeré tí kámẹ́rà fi ń pe fúláàṣì. Ẹ gbé e sí àárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kí ó ga ju orí lọ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú agboòrùn kọjá, yóò fẹ̀, òjìji kò sì ní í mú bí etí ọ̀bẹ. Bí kò bá sí agboòrùn, ẹ kọjú fúláàṣì sí ògiri funfun kí ó ta padà. Ògiri aláwọ̀ ewé kọ́ o! Ojú ènìyàn á di ewé. Bó bá sì jẹ́ ìta gbangba ni, ẹ so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ irin náà, nítorí afẹ́fẹ́ fẹ́ràn agboòrùn púpọ̀.

Ẹ má jẹ́ kó jìnnà jù. Bí ẹ bá sún fúláàṣì láti ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ sí 8, kì í ṣe ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ìjókòó ìyá náà kò gbọdọ̀ fara kan ògiri, kí òjìji rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má sì yí ìyá lórí. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, rí i pé àwọn àgbà Yorùbá a máa jókòó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ lórí itan. Ìjókòó àgbà nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ìyá.

Kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ fi fọ́tò náà hàn án lẹ́yìn kámẹ́rà, kí ó fi ìka ka àbàjà rẹ̀.