Ẹ̀rọ gbohùngbohùn: Ẹ má bá olówó pọ́ọ́kú já owó lulẹ̀

Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sóde ìnáwó ni pé ẹni tó ń gba owó oṣù níbòmíràn tún ń gba iṣẹ́ wọn ní owó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ yìí ń bọ́ kò gbọdọ̀ bá a já owó lulẹ̀.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ yẹ. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní ₦3,000,000 yóò bá lo ọdún 5, tó ń jáde nígbà 60 lọ́dún, ìjáde 300 nìyẹn. Òde kọ̀ọ̀kan ń jẹ ₦10,000 lára ẹ̀rọ, kí wọ́n tó ka epo, ọkọ̀ àti owó ọmọṣẹ́. Olówó oṣù kì í sábà ka èyí. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi kéré, òun náà ni kì í jẹ́ kó rówó ra òmíràn bí ẹ̀rọ bá jó.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ máa tà. Kó kọ ọ́ sínú ìwé fún oníbàárà: aago tí ẹ̀rọ yóò dé ojú agbo, jẹnẹrétọ̀ kejì, máìkì àfipamọ́, àti ẹni tí yóò dúró títí òde yóò fi tú. Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ kò ní fẹ́ kí ohùn dákẹ́ mọ́ alága ìdúró lẹ́nu.

Bí owó oníbàárà kò bá tó, kí wọ́n dín iye ẹ̀rọ kù fún un, kí wọ́n má ṣe gba iye kan náà lówó tó dín. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.