Flúórìn tí Aago Ń Lé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn: "Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò tí yóò fi hàn bóyá jẹjẹrẹ náà ti tàn ká." Iṣẹ́ àlùfáà ni tiwa, a kì í ṣe onímọ̀ kẹ́míkà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti aláìsàn yóò fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gún sí i lára.

PET ni orúkọ fọ́tò náà. Kí wọ́n tó yà á, wọn a fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn atọpasẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jù lọ ni FDG, ṣúgà glúkósì tí wọ́n ti fi flúórìn-18 rọ́pò ẹ̀ka kékeré kan lára rẹ̀. Jẹjẹrẹ púpọ̀ a máa jẹ ṣúgà bí ọ̀jẹun. Ó gbé èyí mì, kò lè dà á, ó sì há sí i nínú. Láti ibẹ̀ ni flúórìn náà ti ń rán ìtànṣán jáde ní méjì-méjì, ọ̀kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún, tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Aago ni ìṣòro. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 110, ìdajì flúórìn-18 ti lọ. Èyí tí a bá ṣe ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ìdajì ni yóò kù ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí aago kan ààbọ̀ bá fi lù, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ni. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gùn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, oògùn aláìsàn ni ó ń jẹ.

Ní 1976, ní Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York, Tatsuo Ido àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe FDG àkọ́kọ́, ọkọ̀ òfuurufú sì gbé e lọ sí Philadelphia, níbi tí wọ́n ti fún ènìyàn ní oṣù Kẹjọ. Gáàsì flúórìn ni wọ́n lò, oníjàgídíjàgan tí a kà nípa rẹ̀ nínú ìwé kẹ́míkà wa. Ó kéré tán, ìdajì rẹ̀ ni ó ń ṣòfò.

Ọ̀nà mìíràn ni láti fi prótọ́ọ̀nù lu omi tí ọ́síjìn-18 pọ̀ nínú rẹ̀, nínú ẹ̀rọ cyclotron. Flúórìn tí ó ti ibẹ̀ jáde pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni: omi yí i ká bí ẹmẹ̀wà ti í yí ọba ká, kò ráyè bá ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan. Dandan ni kí a kọ́kọ́ gbẹ omi náà kúrò. Ní 1986, Hamacher, Coenen àti Stöcklin ní Jülich ní Jámánì fi èròjà kan tí ń jẹ́ Kryptofix bo pọ̀tásíọ̀mù bí àgò ti í bo adìẹ, flúórìn tí ó ń bá a rìn sì di òmìnira. Ohun tí wọ́n rí kórè ju ìdajì lọ. Lójú tiwa, ọdún yìí ni oògùn náà di ti gbogbo ayé. Àmọ́ májèlé ni Kryptofix. Wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara.

Ǹjẹ́ a lè fo gbígbẹ omi náà? Ní 2009, McBride àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Alumíníọ̀mù fẹ́ràn flúórìn gidigidi, àní nínú omi pàápàá. Wọ́n so mọ́ oògùn náà ohun tí ó lè di alumíníọ̀mù mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ti í di irin mú; lẹ́yìn náà, wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbé e kaná. Ó tán.

Iná náà ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ó sábà máa ń gbóná tó 100°C, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èròjà purotéènì tí ó mọ ilé jẹjẹrẹ dáadáa kò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀. Wọn a bàjẹ́ bí ẹyin tí a sè. Àwọn onímọ̀ ní Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣe ẹ̀mú mìíràn tí ń mú alumíníọ̀mù láìsí iná púpọ̀, wọ́n sì ti ń dán an wò lára irú purotéènì bẹ́ẹ̀.